Ọ̀gá Eré Ní Kí N Mú Orúkọ Ìyá Wá

Ẹ sọ fún mi, ta ló ń bèèrè orúkọ ìyá èèyàn lásán?

Eré àfinúrò kan wà tí àwa ọ̀rẹ́ máa ń ṣe n'Íkẹ́nnẹ́: Kúnlé ọ̀gá eré ló ń hun ìtàn, àwa yòókù á di èèyàn inú rẹ̀. Nínú eré náà, èmi ni Ṣadé, aránṣọ kan ní Ofin láwọn ọdún 1990.

Lónìí, Kúnlé ní kí n sọ èèwọ̀ Ṣadé àti orúkọ ìyá rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí ìtàn ẹ lè bá ẹ mu ni," Kúnlé fèsì.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe èèyàn níbi nìyẹn! N kò jẹ́ dárúkọ ìyá tèmi; orúkọ ìyá ọkọ mi ló yọ lẹ́nu mi.

Ìyá ọkọ mi yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí pé ẹsẹ̀ kan deédéé ń dun àwọn.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jẹ́wọ́ fún wọn ni, àbí kí n kàn ra oògùn ìpara lọ fún wọn?