Ọjọ́ Tí Kíláàsì Mi Kọ̀ Láti Ka Ọmọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo jẹ́ tíṣà tuntun ní Àpòmù, láàárín àwọn ọdún 1980.

Ẹ má rò pé mo ń fọ́nnu o, mo mọ ìṣirò! Láti Ìkirè ni mo ti ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa jókòó tì mí nínú ọkọ̀ tí kò ní mọ̀ pé tíṣà ìṣirò ni mí. Ṣé ẹ mọ irú wa?

Lọ́jọ́ kan, ìnsípẹ́kítọ̀ wọlé sí kíláàsì mi. Bàbá àgbàlagbà ni. Ìwé tí bàbá yìí bá kọ nípa mi ló máa sọ bóyá ìjọba á fi mí sẹ́nu iṣẹ́ pátápátá, tàbí kí n padà sílé. Ẹ̀rù ò bà mí. Oríṣiríṣi nọ́ńbà ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ńbà odidi, èyí tí kò ní ìdá nínú, bí iye ọmọ inú ilé.

Mo bi Fọláṣadé pé ọmọ mélòó ni ìyá rẹ̀ bí. Ó wolẹ̀. Mo bi Múfútáù, òun náà ń wolẹ̀. Kí ló dé? Kíláàsì tó máa ń pariwo tó báyẹn! Bírò bàbá ti ń lọ lórí ìwé. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, mo ní ṣé wọn ò mọ nǹkan kà ni.

Ni bàbá bá rọra bi mí pé, “Tíṣà, ọmọ mélòó lẹ̀yin náà bí?”

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ ọ́: “Wọ́n wà níbẹ̀, sà, a dúpẹ́.”

Haà! Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. A kì í kúkú ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Èmi tí mi ò jẹ́ ka tèmi, mo wá ń fipá mú ọmọ ọlọ́mọ pé kó ka ti ìyá rẹ̀. Ojú tì mí, kí n má parọ́.

Mo ní kí wọ́n dìde, ó di ìdí kànga ilé ìwé. Mo ta kókó sí okùn korobá, mo ní ẹnu kànga ni òdo. A ka kókó tó wà lókè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Àwọn tó wọnú kànga lọ ńkọ́? Múfútáù pariwo pé ìyẹn ti kéré sí òdo! Nígbà tí a fa omi jáde, ìdajì korobá ló wà níbẹ̀. Fọláṣadé ní nọ́ńbà odidi kọ́ nìyẹn, ìdá ni. Ta ló sọ fún un? Ojú rẹ̀ ló rí i!

Bàbá kọ ọ́ pé kí ìjọba fi mí sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ bàbá fi kún un pé kí n máa kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ ń kà, àti ohun tí wọn kì í kà, nílé wọn.

Mo gbà! Ọ̀tọ̀ ni ká mọ ìṣirò, ọ̀tọ̀ ni ká mọ ẹni tí à ń kọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìbéèrè wo lẹ ti bi ọmọ kékeré rí, tó jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ò ní dáhùn rẹ̀? Ẹ sọ tiyín, ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú yìí!