Bí Ojúùwé Àwa Aláró Ìgbẹ̀ìn Ṣe Pa Rẹ́

Nígbà ìdìbò kánsílọ̀ tó ṣáájú èyí tó kọjá yìí, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mò ń kọ̀wé sí kò tíì tó ìbò í dì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nígbà náà ṣì ń dùn mí. Mo ti bá àwọn aláró ẹgbẹ́ mi kọ́wọ̀ọ́ rìn dé ọ́fíìsì ìjọba ní Ìbarà rí nítorí owó ìsọ̀, àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú lù wá, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dùn mí tó báyìí, nítorí ẹni tó yìn ín kò pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ mi.

Ilẹ̀ là ń jà fún. Etí odò tí àwọn ìyá wa ti ń pa aṣọ láró ni ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa kí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. A wá fa Ìyá Dàmọ́lá kalẹ̀ láàárín ara wa fún ipò kánsílọ̀, pé bí ẹni tiwa bá wà níbẹ̀, wọn ò ní lè ta ilẹ̀ náà lẹ́yìn wa.

Sìdíkátù, tó kọ́ iṣẹ́ aró lọ́wọ́ ìyá mi, ló ṣí ojúùwé kan fún wa lórí ayélujára. Àwòrán tirẹ̀ ló fi ṣí i, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń lo ìkòkò aró: ẹnì kan ló ń rẹ aró, gbogbo agbo ilé ní ń ki aṣọ bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní tòun nìkan ni, ahun là ń pè é.

Lọ́jọ́ ìdìbò, a pín ara wa káàkiri ibùdó. Bí wọ́n ṣe ń ka ìbò sókè, bẹ́ẹ̀ la ń fi fídíò rẹ̀ hàn láìfù, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an, lórí ojúùwé wa. Ìyá Dàmọ́lá ló ń lé wájú. Kò sẹ́ni tó fi fídíò kankan pamọ́ sórí fóònù, nítorí a gbà pé orí ojúùwé ló ti wà láìséwu. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n kéde orúkọ ẹlòmíràn. A ní kò burú, ẹ̀rí wà. A ṣí fóònù, a bá ojúùwé ní títì.

Àwọn oníléeṣẹ́ tó ni ìkànnì náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn fura sí i, pé kì í ṣe ènìyàn kan ṣoṣo ló ń lò ó. Òótọ́ ni. Ìgbà wo ni aláró ń dá nǹkan lò? A kọ̀wé, a ṣàlàyé, ẹ̀rọ ló ń dá wa lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ: kí ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀ fi ojú han kámẹ́rà kí gbèdéke tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àwọn tó ní kí gbogbo ayé wá sọ tẹnu rẹ̀, kò sí ènìyàn kan lọ́dọ̀ wọn tó lè gbọ́ tiwa.

Mo lọ bá Sìdíkátù ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Òkè-Ìléwó. Mo rò pé kò ní ju kó gbójú sókè lọ. Ó ń ká aṣọ, kò wò mí.

"Ìyá Kúdí, ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò ní lè ṣe é."

"Kí lo ò lè ṣe? Kí o wo fóònù?"

"Wọ́n ti ṣèlérí ṣọ́ọ̀bù kan fún mi létí odò yẹn. Ẹ̀yìn ń dùn mí, aró ti sú mi."

"Sìdí, orí ilẹ̀ yẹn ni ìyá mi ti kọ́ ẹ níṣẹ́."

"Mo mọ̀. Ọlọ́hun á forí jì mí."

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ó bu omi fún mi, mo sì mu ún.

Gbèdéke pé, wọ́n pa ojúùwé náà rẹ́. Nígbà tí a gbé ẹjọ́ ìbò náà lọ sí kóòtù, wọ́n ní ká mú ẹ̀rí wá, bẹ́ẹ̀ ojúùwé tó ti pa rẹ́ ni gbogbo ẹ̀rí wa.

Mi ò ní sọ pé òfo ni gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin tí kò yà síbi ìdìbò rí dìbò lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dúró ti ìbò wọn. Ṣùgbọ́n etí odò ti lọ, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ fi ẹ̀rí yín sọ́wọ́ ara yín. Ilé onílé ni ojúùwé wọ̀nyẹn, ìgbà tó bá wu onílé ló ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ni ìkànnì náà ṣì jẹ Ìyá Dàmọ́lá ní àlàyé, kò sì mọ ẹni tó lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti Sìdíkátù, mọ́ṣáláṣí kan náà la ṣì ń lọ ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, mo ń dá a lóhùn. Bí mo bá tẹ́wọ́ àdúà, ó máa ń ṣe àmín sí tèmi. Kò tíì bi mí rí pé kí ni mò ń tọrọ.