Bí Èmi àti Ìyàwó Mi Ṣe Di Báíkà Dé Abẹ́òkúta

Ìdájí Sátidé ni èmi àti Ìyá Tọ́lá, ìyàwó mi, gbéra ní Gowon Estate, kí oòrùn tó mú. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ la wọ̀, a dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó bo gbogbo ojú. Báíkà là ń pe irú wa. Báíkà ni ẹni tó ń gun alùpùpù láìjẹ́ pé ìyà ló fà á. Orí fóònù la ti rí i pé àwọn tọkọtaya tó lajú ti ń fi alùpùpù rìnrìn àjò kí ìfẹ́ wọn lè dọ̀tun. Èmi tí mo sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ àwùjọ nílé ìwé gíga, n ò lè jẹ́ kí àwùjọ fi mí sílẹ̀.

Ní ti Ìyá Tọ́lá, ọ̀rọ̀ ojú ìyá rẹ̀ tó ń gbé Abẹ́òkúta ló bá lọ. Ojú náà ti ń funfun bí omi ògì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ á là á, bí a ò bá pẹ́ jù. Ìyá kọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní wá di ẹrù sílé àna ní Èkó.

Ọ̀nà dára títí a fi dé Ṣàngó. Lẹ́yìn ìyẹn, kòtò ni. Lórí fóònù, ìyàwó a máa gbórí lé ọkọ lẹ́yìn. Tiwa, hẹ́límẹ́ẹ̀tì ń kan hẹ́límẹ́ẹ̀tì, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀.

"Bàbá Tọ́lá, ṣé ìfẹ́ náà nìyí?"

"Dì mí mú dáadáa."

"Ìdí mi ni kí ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí, jàre."

A ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ẹgbẹ̀rún kan náírà. Obìnrin tó ń tà á bi ìyàwó mi pé, "Àǹtí, èló ló fi gbé yín láti Èkó?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọlọ́kadà kì í gbéèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ẹ ṣọ́ra."

Ní Abẹ́òkúta, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna mi. Okùn hẹ́límẹ́ẹ̀tì kọ̀, kò tú, ni mo bá fi í kan ilẹ̀ gbì. Ìyá fọwọ́ wá orí mi, wọ́n fọwọ́ kan alùpùpù tó ṣì gbóná.

"Ẹ̀yin náà ò sì sọ fún mi pé wọ́n ti lé yín níbi iṣẹ́."

"Rárá, Mà, fàájì ni a..."

"Ẹ má tijú. Ọ̀kadà kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní dá ìyà yìí jẹ. Màá tẹ̀lé yín, màá máa bá yín ta láfún."

Ìyàwó mi já mi ní èékánná. "Ẹ la ẹnu yẹn, kí ojú ìyá mi sì fọ́," ó sọ ọ́ sí mi létí.

Gbogbo ìwé ẹ̀rí mi dìde sí mi lọ́nà ọ̀fun. Mo wojú Ìyá. Òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni wọ́n kọjú sí; wọ́n rò pé èmi ni.

"Ẹ ṣé, Mà," mo ní. "Nǹkan ò rọrùn."

"Ẹ ò lè rí owó kà pẹ̀lú ojú yìí," ìyàwó mi yára sọ. "Dókítà ló kàn ká tó tajà."

"Ó dáa. Ẹni tó máa tajà gbọ́dọ̀ ríran."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá àti ìyàwó mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó. Àpò láfún ló jókòó sẹ́yìn mi lórí alùpùpù, níbi tí ìyàwó mi ti jókòó, kò sì ráhùn rí. Nígbà tí a pàdé ní Ìyànà Ìpájà, Ìyá kọ kẹ̀kẹ́: "Ọ̀kadà ilé wà, ẹ tún ń náwó." Ìyàwó mi àti láfún wọ kẹ̀kẹ́, Ìyá gun ẹ̀yìn mi.

Ní Ẹgbẹ́dá, obìnrin kan nawọ́. "Ọ̀kadà! Gowon Estate!" Mo gbójú sókè bíi báíkà. Ìyá lù mí lẹ́yìn.

"Ẹ dúró, oníbàárà nìyẹn. Màá sún síwájú."

Mo dúró. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìn àjò wa: báíkà àti ọlọ́kadà, àna ẹni ló ń sọ èyí téèyàn jẹ́.

Nígbà tí obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, Ìyá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tì í bọ inú tòbí. "Owó dókítà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ni wọ́n wí.