Òjé Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fún Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í fi òjé jó wáyà pọ̀ láì kọ́kọ́ gbé e sí imú. Bí mo bá bi í pé kí ló ń gbóòórùn, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Imú tìrẹ ò tí ì gbọ́n." Ní kété lẹ́yìn òmìnira, àwa méjèèjì nìkan la ń fi rédíò ṣeré ní ẹsẹ̀ òkè wa ní Dassa. Òun ló kọ́ mi.

Nígbà tí mo fẹ́ to rédíò fún Bàbá wa, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, mo tọrọ òjé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó fún mi ní irú èyí tí wọ́n fi ń dí bàsíà tó jò. Ó ní, "Èyí ló lágbára jù."

Rédíò náà sọ̀rọ̀. Bàbá ń pe àwọn ará Kèrè, àdúgbò wa, wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọbìnrin rẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, ohùn rédíò náà pa. Mo tú u. Omi kíkan inú òjé yẹn ti jẹ àwọn wáyà, wọ́n ti dípẹtà.

Mo tú ti ẹ̀gbọ́n mi náà wò. Òjé tirẹ̀ ń dán, òórùn oje igi ń jáde lára rẹ̀; òórùn yìí ló fi ń mọ òjé tí kì í jẹ wáyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀?"

Kò gbójú sókè. "Láti ìgbà tí mo ti ń tún rédíò ṣe, Bàbá ò pe ẹnikẹ́ni wá gbọ́ tèmi rí."

Rédíò ẹ̀gbọ́n mi ni Bàbá gbọ́ títí tó fi kú. Bàbá sì máa ń tù mí nínú pé kí n má banú jẹ́, iṣẹ́ ọkùnrin ni.