Igi Tó Yọ Katapílà Bàbá Mi

Ọwọ́ mi ọ̀tún kò tíì lè gba orí kọjá kan etí òsì, ìyẹn ni pé n kò tíì tó ọmọ tí wọ́n ń gbà sí ilé ìwé, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ wa ní Okokomaiko. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà yìí, ẹ má rò pé bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe le láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Àbàtà ni. Ẹni tó bá ń lọ sí ìgboro Èkó, bí kò bá wọ ọkọ̀ ojú omi, yóò ká aṣọ rẹ̀ sókè dé itan. Aboyún tí ìrọbí bá mú lójijì, orí rẹ̀ ló kù tí yóò máa ké pè.

Bàbá mi ló ń wa katapílà, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi irin iwájú rẹ̀ ti iyanrìn. Apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, wọ́n sì gba yàrá kan lọ́wọ́ bàbá apẹja kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà fún àwọn òṣìṣẹ́, èmi sì máa ń tẹ̀ lé wọn. Ojú mi báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe. Wọn á kó ẹrẹ̀ kúrò, wọn á da iyanrìn sí i, bàbá mi á tì í síwájú, àbàtà á gbé e mì. Wọn á tún dà á. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kò ju gígùn ilé kan lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, fóòmàn, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ní kí bàbá mi ti iyanrìn dé etí omi gan-an. Bàbá mi ní ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì dì. Fóòmàn ní, "Ṣé ìwọ ni ẹnjiníà ni?" Bàbá mi bá wà á lọ. Ṣàdédé ni iyanrìn ya lábẹ́ rẹ̀. Kí a tó lanu, ẹrẹ̀ ti bo ẹsẹ̀ irin méjèèjì tí ẹ̀rọ náà fi ń rìn, omi sì ti ń wọ ibi tí bàbá mi gbé ẹsẹ̀ lé.

Òyìnbó tó jẹ́ ẹnjiníà dé, ó wò ó títí, ó mirí. Ó ní ẹ̀rọ tó lè gbé e jáde jìnnà, kí ó tó dé, ẹrẹ̀ á ti sin ín. Fóòmàn kọjú sí bàbá mi: "Bó bá rì tán, kí o lọ di ẹrù rẹ." Ìyá mi sọ igbá àkàrà kalẹ̀.

Bàbá mi kò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ irin yẹn ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Ẹ bá mi wá igi tó gùn ju ìbú ẹ̀rọ yìí lọ, pẹ̀lú ṣéènì méjì." Wọ́n fẹ́ de igi náà mọ́ ẹsẹ̀ irin méjèèjì níwájú. Bí irin bá ti ń yí, yóò fa igi wọ abẹ́ ara rẹ̀, katapílà á sì gun orí rẹ̀ bí ẹni gun àtẹ̀gùn.

Wọ́n gé ọ̀pẹ wá. Irin fọ́ ọ yángá. Ẹ̀rọ sì tún rì sí i.

Ìgbà náà ni bàbá onílé wa, apẹja yẹn, yọ jáde láàárín èrò. "Igi mi wà lẹ́yìnkùlé," wọ́n ní.

Gbogbo wa la mọ igi yẹn. Ìrókò ni, ojú omi ni wọ́n ti fà á wá láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n lè fi gbẹ́ ọkọ̀ ìpẹja tuntun, nítorí èyí tí wọ́n ń lò ti ń jò. Bàbá mi kígbe láti orí ẹ̀rọ, "Bàbá, ọkọ̀ yín ńkọ́?"

"Ọkọ̀ náà ni mo rà á fún," ni bàbá àgbà dáhùn. "Ṣé èyí tó ń rì yìí kì í ṣe ọkọ̀ ni? Ẹ lọ gbé e!"

Ọkùnrin bí ogún ló gbé igi náà. Ìyá mi da àkàrà sínú aṣọ, wọ́n gbá igbá mú: "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ jẹ́ ká gbọ́n omi!" Inú ẹrẹ̀ dé ìbàdí ni wọ́n dúró sí. Bàbá mi tẹ ẹ̀rọ, èéfín dúdú tú sókè, ṣéènì le dain, igi ké, a rò pé ó dá. Kò dá. Katapílà gbéra, kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Bí igi bá ti yọ lẹ́yìn, wọn á tú u, wọn á tún gbé e wá síwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni wọ́n ṣe é. Ní ẹ̀ẹ̀kẹjọ, imú ẹ̀rọ náà gbé sókè, ó sì gun orí iyanrìn gbígbẹ. Igbe ayọ̀ tí a ké lọ́jọ́ náà, àwọn ará Ìbà, ìlú tó wà nítòsí wa, ní àwọn gbọ́ ọ!

Bàbá mi fò sílẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ fún bàbá àgbà. Òyìnbó ṣí fìlà, ó na ọwọ́ sí bàbá mi. Fóòmàn náà wá, ó ní, "Ẹ má bínú." Bàbá mi ní, "Iṣẹ́ ṣì kù."

Ṣéènì ti jẹ igi náà débi pé kò ṣe é gbẹ́ lọ́kọ̀ mọ́. Bàbá àgbà kò kédàárò rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ tí iyanrìn tiwa pàdé ti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la ọ̀nà náà bọ̀ láti ìgboro, ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni bàbá àgbà jókòó sí lórí katapílà, wọ́n wọ agbádá, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ń dì mọ́ ara wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni aboyún àdúgbò wa kan fi mọ́tò dé ilé ìwòsàn, ó sì bí ìbejì láyọ̀.

Ayé ti yí padà. Àwọn tó fi ẹ̀yìn wọn tẹ́ ọ̀nà yẹn ti lọ, kò sì síbi tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Ní báyìí, ojú irin ni wọ́n ń ṣe bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí mo bá ti Ìbà tí mò ń gbé báyìí dé ibẹ̀, mo máa ń dúró kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ ní èèyàn níbí ni?"

Mo ní, "Gbogbo yín ni."