Ìbọn Bàbá Ràímì àti Ẹjọ́ Tí Mo Dá fún Ojú Rẹ̀

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe ìbọn náà." Gbogbo ohun tí mo sọ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Olúọdẹ Ilora, olórí àwọn ọdẹ ìlú náà, ló pè láti béèrè. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti gbọ́, ó sì pa fóònù rẹ̀. Mo padà sídìí ẹ̀kọ mi tí kò tíì tutù. N kò mọ̀ pé mo ti fi gbólóhùn yẹn gba ìbọn lọ́wọ́ àgbàlagbà kan.

Iṣẹ́ àtúnṣe ìbọn ọdẹ ni mo ń ṣe ní Fìdítì láti ìgbà èwe mi. Bàbá mi ló kọ́ mi. N kì í rọ ìbọn, n kì í sì í tà á. Ẹni tí kò bá mú ìwé àṣẹ rẹ̀ dání, n kò ní fọwọ́ kan tirẹ̀, ì báà jẹ́ àna mi. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi ni ìbọn ẹlẹ́nu kan, tí ọdẹ máa ń ṣẹ́ láàárín kó tó ki ọta kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Bó bá ti yìn ín, àfi kó tún un ṣẹ́, kó tún un kì. Ìdí nìyẹn tí ìbọn tó ń tàsé fi ń dun ọdẹ wọnú eegun. Ẹran kì í dúró de ọta kejì.

Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá, mo ní ọ̀nà tí mò ń tọ̀. Màá yọ ọ̀pá ìbọn náà, ìyẹn irin gígùn tí ọta ń gbà jáde, màá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, màá fi ojú kan wo inú rẹ̀ bóyá ó tẹ̀ tàbí ó ti dípẹtà. Màá wo irin roboto kékeré tó wà lórí ẹnu rẹ̀, èyí tí ọdẹ fi ń fojú sun ẹran, bóyá ó ti yẹ̀. Ìlòkulò ló ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Mo ti rí ìbọn tí ẹni tó ni ín fi ń já ọsàn. Ọkùnrin náà búra pé òun kò fi ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ewé ọsàn há sí i lẹ́nu.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni màá wá gbé e lọ sí oko wa. Òkìtì ọ̀gán ńlá kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń so àpò sìmẹ́ńtì mọ́. Mo ri òpó kan mọ́lẹ̀ ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, mo sì de fáìsì mọ́ orí òpó náà. Fáìsì yìí ni mo fi ń gbá ọ̀pá ìbọn mú pinpin, tí màá wá fi okùn yin ìbọn láti ẹ̀yìn. Kì í gbọ̀n, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Mo máa ń fi yangàn.

Bàbá Ràímì ti ń gbé iṣẹ́ wá fún bàbá mi kó tó kàn mí. Ará Ilora ni. Ó ń gbin iṣu àti àgbàdo, ṣùgbọ́n ọdẹ ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí, òun ló sì máa ń ṣíwájú àwọn tó ń ṣọ́ oko láti Ilora lọ dé ọ̀nà Imini. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Kì í pa ìrun jẹ, kì í sì í rẹ́rìn-ín àfi bí ẹlòmíràn bá ṣubú.

Láàárín ọdún méjì, ìgbà mẹ́rin ló gbé ìbọn rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀sùn kan náà ni: ó ń tàsé sápá ọ̀tún. Màá fún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, màá nu inú rẹ̀, yóò gbé e lọ. Yóò dára fún ìgbà díẹ̀, yóò tún padà sí ìwà rẹ̀.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní tèmi àti tirẹ̀. Ó yìnbọn sí ẹtu kan lójú oko, ẹtu bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ni kẹ́ẹ̀gì omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdẹ mìíràn bá fọ́. Ọdẹ náà kò fara pa, ṣùgbọ́n ṣòkòtò rẹ̀ rin gbingbin, ó sì pariwo dé ilé. Olúọdẹ pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ìbọn náà wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ ìbọn ló ní àrùn, kí n wò ó sàn. Bí kò bá jẹ́ ìbọn, a jẹ́ pé ojú Bàbá Ràímì ló ti lọ, kó kó ìbọn sílẹ̀, kó jókòó sílé.

Mo gbé e sí fáìsì, mo yin ọta mẹ́ta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ojú kan náà lára àpò sìmẹ́ńtì. Òun ni mo fi dá Olúọdẹ lóhùn lórí fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kadà já Bàbá Ràímì sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò dúró kí n dìde tán.

"Wọ́n ní kí n kó ìbọn mi sílẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé ọdẹ," ó ní. "Wọ́n ní ìwọ lo sọ pé ojú mi ti fọ́."

"Bàbá, n kò dárúkọ ojú yín o. Mo kàn ní ìbọn kò ṣe nǹkan kan ni."

"Kí ló wá kù tí o kò tíì sọ?"

Ó béèrè bí mo ṣe dán ìbọn náà wò. Mo ṣàlàyé fáìsì àti okùn fún un, mo sì fi ọwọ́ ṣe bí wọ́n ṣe rí. Ó wò mí títí mo fi parí.

"Ṣé fáìsì ló ń bá mi wọ ìgbẹ́ ni?" ó ní. "Gbé e lé èjìká ara rẹ. Bí ó bá ń bá ibi tí o fojú sùn, n kò ní dúró de ọjọ́ ìpàdé. Èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ fún wọn."

Inú bí mi díẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ra fáìsì ni n kò ti gbé ìbọn oníbàárà lé èjìká mọ́. A jọ lọ sí oko. Ọta àkọ́kọ́ bá àárín àpò, èkejì náà bá a. Mo ti ń ronú ohun tí màá fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ̀kẹta bá etí àpò lápá ọ̀tún. Ẹ̀kẹrin kò kan àpò rárá, ẹ̀karùn-ún sì hú iyẹ̀pẹ̀ lára ọ̀gán. Bàbá Ràímì jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń wo ọ̀gán.

Ibẹ̀ ni òye tó yẹ kó ti yé mi tipẹ́ ti yé mi. Irin ni fáìsì ń dì mú, kì í di igi mú. Ìdí ìbọn, ìyẹn igi tí ọdẹ ń gbé ti èjìká, kò ní iṣẹ́ kankan lórí òpó mi. Bí igi náà bá ń mì, fáìsì kò lè mọ̀. Mo tú ìbọn náà níbẹ̀. Ibi tí igi ti wọnú irin ti dúdú. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, èékánná sì wọlé bí ẹni pé iṣu jíjẹrà ni mo tẹ̀. Mo gbé e símú. Òórùn epo pupa ni mo gbọ́.

N kò ní láti béèrè ẹni tó dà á síbẹ̀. Èmi ni. Bàbá mi kọ́ mi pé ọjọ́ tí ìbọn bá ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù, kí n da epo sí ibi tí igi àti irin ti pàdé, fún Ògún, kí ohun náà lè tutù fún ẹni tó ni ín. Nígbà tí mo ṣe ìrìbọmi ní ìjọ Bátíìsì, mo jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí bàbá mi máa ń sọ sí i, n kò jáwọ́ nínú epo. Mo ń sọ fún ara mi pé nítorí ìpẹtà ni. Bàbá Ràímì, tí kì í pa ìrun jẹ, kì í sì í gbé ìbọn rẹ̀ nílẹ̀ bí n kò bá tíì dà á. Bátíìsì kan àti Mùsùlùmí kan la jọ ń fún Ògún ní epo, a kò sì bá ara wa sọ ọ́ rí. Láyé bàbá mi, ìbọn kì í tètè padà wá, epo kì í sì í pọ̀ débi tí yóò fi mú igi rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí, bí igi ṣe ń rọ̀ ló ń tàsé, bó ṣe ń tàsé ni wọ́n ń gbé e wá, bí wọ́n ṣe ń gbé e wá ni mo ń da epo sí i.

"Bàbá," mo ní, "èmi ni mo ba ìbọn yín jẹ́."

Mo ṣàlàyé. Ó gba igi náà, òun náà tẹ èékánná bọ̀ ọ́.

"Wàá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójú wọn?"

"Màá sọ ọ́, sà."

"Kì í ṣe lórí fóònù o."

Mo fi igi apá gbígbẹ, láti ara ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ kan, gbẹ́ ìdí tuntun fún un. Ìda oyin ni mo fi pa á lára. Lọ́jọ́ ìpàdé, mo lọ sí Ilora, mo sì dìde láàárín wọn níwájú ilé Olúọdẹ. Mo sọ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, pé ìdánwò mi kò pé, àti pé epo ọwọ́ mi ló ba ìbọn náà jẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọdẹ tí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ fọ́ béèrè bóyá kí wọ́n má fún Ògún ní epo mọ́ ni.

"Ẹ dà á sílẹ̀ fún un," mo ní. "Ẹ má dà á sí igi."

Olúọdẹ yíjú sí Bàbá Ràímì pé kó bọ́ síta, kó yin ọta mẹ́ta kí gbogbo wọn lè rí i. Bàbá kò dìde.

"Ẹ má bínú, Olúọdẹ," ó ní. "N kò ní yìnbọn dán ojú mi wò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sọ̀rọ̀ sí i ti dé, ó ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n fi ìbọn sílẹ̀ fún un, wọ́n sì fi ipò iwájú sílẹ̀ fún un. Igi tó jẹrà kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé mo rọra fi ẹnu ara mi sọ àgbàlagbà di ẹni tí kò wúlò mọ́, n kò tilẹ̀ pè é kí n bi í ní nǹkan kan. Láti ìgbà náà, bí mo bá lo fáìsì tán, màá gbé ìbọn lé èjìká, kò sì sí èyí tó ń jáde lọ́wọ́ mi láì jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàbá Ràímì tún gbé ìbọn rẹ̀ wá. Kò fẹ̀sùn kan án. Ó ní kí n bá òun dán an wò dáadáa. Mo yin ọta mẹ́fà láti èjìká, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ibi tí mo fojú sùn.

"Bàbá, ìbọn yín dára," mo ní.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ojú mi ni."

Mo béèrè bóyá Olúọdẹ ti gbọ́.

"Ibẹ̀ ni mò ń lọ nísinsìnyí. Mo fẹ́ kó dá mi lójú ná. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

Mo bá a gbé ìbọn náà dé etí títì. Nígbà tí ọ̀kadà dúró, ó na ọwọ́, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì sọ fún ọlọ́kadà pé Ilora ni òun ń lọ.