Ògiri Tó Ní Ojú Ọjọ́ Méjì

Alálàá ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè é láti kékeré, kì í sì í ṣe pé oorun rẹ̀ pọ̀ jù. Ojú rẹ̀ a là sílẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ á ti bá ìkùukùu lọ. Ọdún gbọọrọ ló fi ń ṣẹ́ etí aṣọ fún ẹni ẹlẹ́ni ní yàrá ìyá rẹ̀, kí wọ́n tó gbà á sí ilé ìtajà ọ̀dà pé kó máa po àwọ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Ọlọ́run ò sùn," ó sì ròyìn rẹ̀ fún ẹni tí kò béèrè.

Iṣẹ́ náà kò le. Ìlànà wà lára ògiri: funfun tó báyìí, búlúù tó báyìí, kí ẹ̀rọ gbọ̀n ọ́n pọ̀, ó parí. Ẹni tí kì í ronú ni yóò mọ̀ ọ́n ṣe jù. Alálàá a sì máa ronú.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ra garawa ọ̀dà aláwọ̀ sánmà kan, kó lè kun yàrá ìgbàlejò rẹ̀. Oòrùn ń ràn lọ́jọ́ náà, àwọ̀ náà sì jáde bí òwúrọ̀ tuntun. Ọ̀dà kò kárí. Nígbà tó padà wá ra òmíràn, ojú ọ̀run ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Alálàá wo òde, ó wo inú garawa, ó rí i pé búlúù yìí ń pariwo jù fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó bá kán àwọ̀ eérú díẹ̀ sí i, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò tó fi iyọ̀ kún un. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣẹ̀.

Láìpẹ́, nọ́ọ̀sì já wọlé. "Ọ̀gá, ẹ wá wo ògiri mi o! Apá kan, ọ̀sán gangan. Apá kejì, òjò fẹ́ rọ̀!"

Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó pe Alálàá sẹ́yìn ilé.

"Ṣé ìlànà ò yé ọ ni?"

"Ó yé mi, ọ̀gá."

"Kí ló wá dé?"

"Ọjọ́ ló yí padà."

Ọ̀gá wò ó bí ẹni ń wo àjà tó ń jò. "Ó dáa. Èmi ò ta ojú ọjọ́ o. Ọ̀dà ni mò ń tà. Máa lọ sílé."

Oṣù àkọ́kọ́ kò tíì pé.

Ó rìn lọ bí ẹni ń rìn lábẹ́ omi. Gbogbo ògiri àdúgbò ló ń wò ó. Oòrùn ti pa wọ́n láwọ̀ dà, òjò ti fọ̀ wọ́n, kò sì sí ẹni tó lé oòrùn níṣẹ́.

"O tètè dé," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Wọ́n ní kí n máa lọ, Màámi."

"Kí o máa lọ kí o padà lọ́la, àbí kí o máa lọ pátápátá?"

"Pátápátá."

Alálàá ro ọ̀rọ̀ ògiri náà fún un tán. "Ògiri ọ̀hún, ṣé o ti fojú rí i?"

"Rárá."

"O ò rí òkú, o ń sunkún!"

Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní kọ̀rọ̀, ó ń retí. Alálàá mọ̀ pé bí òun bá fi lè jókòó tì í, òun kò tún ní dìde mọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ilé nọ́ọ̀sì ló gbà lọ.

"Wọ́n rán ọ wá bẹ̀ mí ni?"

"Wọn ò rán mi, mà. Wọ́n ti lé mi."

"Háà! Ṣé mo ní kí wọ́n lé ọ ni? Ọ̀dà ni mo ní kí wọ́n pààrọ̀!"

Alálàá kò gbọ́ ìyókù. Ó ti dúró síwájú ògiri. Àwọ̀ méjèèjì kò burú. Ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ló dà bí ojú ọgbẹ́. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun pa á rẹ́. Ó ha ìdí garawa àkọ́kọ́, ó pò ó mọ́ ìṣẹ́kù ti èkejì nínú abọ́, ó fi kànrìnkàn gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri jẹ́ẹ́jẹ́, níbì kan púpọ̀, níbì kan díẹ̀, títí ọ̀sán fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wọnú ìkùukùu. Nọ́ọ̀sì gbàgbé láti ráhùn. Tíì rẹ̀ tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

"N kò ì tíì dárí jì ọ́ o," ló wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n yàrá tí mò ń sùn ńkọ́?"

Alálàá gbé kànrìnkàn rẹ̀ sílẹ̀. Ó wọ yàrá náà, ó fa aṣọ fèrèsé sápá kan, ó sì dúró, ó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé níbẹ̀.